Iná Tó Ń Tẹrí Ba fún Alága

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó dáadáa, nítorí ẹni tó bá dúró ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín lè gbé e ṣubú.

Ọkùnrin kan wà ní Downsview, ní ìlú Toronto, tí kì í wọlé bí èèyàn ṣe ń wọlé. Ńṣe ló máa ń dé. Akíndàmọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Elder ni, Engineer ni, Doctor ni. Elder yẹn, ìjọ ló fún un. Engineer yẹn, òun ló fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó tún ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀ ṣe. Doctor yẹn, yunifásítì kan tí kò ní ilé, tí kò ní ọgbà, ló fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ ọn jù nínú gbogbo wọn ni Alága, nítorí òun ni alága ìgbìmọ̀ ilé ní Ìjọ Òkè Ayọ̀. Tó bá ń sùn, tí ìyàwó rẹ̀ Ọláwùmí bá ní, "Bàbá Oyíndà," kò ní mira. Tó bá ní, "Alága," ojú méjèèjì á là peregede.

Ìjọ Òkè Ayọ̀ kò sí lórí òkè kankan o. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ló wà, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn tó ń ta táyà winter wà lápá òsì. Wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n kun ún, ó dùn ún wò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Alága ń wá láyé: kí wọ́n fi òun jẹ Baba Ìjọ. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ láti Ìbàdàn nínú oṣù kejì láti wá fi ẹnì kan jẹ ẹ́. Baba Ìjọ ló máa ń jókòó lórí àga onítìmùtìmù pupa. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Tó bá sì gba máìkì, kò sí ẹ̀dá tó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé àsìkò ti lọ. Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Òun gan-an ni ọkàn Alága ń fà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni orí Alága fúnra rẹ̀. Àjà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn iná tí wọ́n ń pè ní pọ́tì láìtì ló wà níbẹ̀, àwọn iná tí wọ́n rì sínú àjà bí ìkòkò kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lókè àjà, lábẹ́ páànù, wọ́n tẹ́ òwú tó ń lé òtútù síbẹ̀, ó nípọn bí bẹ́ẹ̀dì olówó. Àmọ́ àwọn tó ri iná náà kò jẹ́ kí òwú kàn án. Wọ́n fi àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ yí ìdí ìkọ̀ọ̀kan ká, nítorí irú iná yẹn máa ń gbóná, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà lọ. Ibi tí ooru ń gbà lọ náà ni òtútù ń gbà bọ̀. Ibi tí òtútù sì ń balẹ̀ sí, ẹ̀yin èèyàn mi, ni àárín orí Alága, níbi tí irun ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀, Alága dìde. Ẹni tó ní kó dìde kò sí. Èèyàn bíi mélòó kan ló yí tábìlì kan ká, wọ́n ń mu tíì. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ẹ̀yin tí mo jẹ́ alága lé lórí, àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ bí orí yín ti ṣe rere tó tí ẹ fi ní mi ní alága! Ọ̀tá ti wọ àárín wa. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò kí ọ́ṣà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Orí èmi alága yín gan-an ló ń balẹ̀ sí. Òtútù ni mò ń sọ! Mo bá òtútù jà ní Winnipeg, mo lé e. Mo bá a jà ní Bolton, ó bẹ̀ mí. Ṣé Downsview ló ti fẹ́ wá rí mi fín?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀! Kò tó bẹ́ẹ̀ rárá!" Díákónì kan ló ké bẹ́ẹ̀, Ọláolúwakìítán lorúkọ rẹ̀, gbogbo ìjọ ń pè é ní Díákónì Kìítán. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe láyé: ó ń wa bọ́ọ̀sì, ó sì ń yin Alága. "Alága, ìwúkọ́ yín lásán ti tó ìwàásù."

"Ẹ ṣeun. Ìpinnu mi nìyí: ká dí gbogbo àyè tó wà nídìí àwọn iná wọ̀nyẹn pa. Pátápátá! Mi ò fẹ́ ihò tí eṣinṣin lè yọjú níbẹ̀."

Ṣíwọlá, akọ̀wé ìgbìmọ̀, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní North York, na ọwọ́ sókè díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Páálí tí wọ́n fi kó iná yẹn wá ṣì wà ní store. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé a ò gbọ́dọ̀ bò ó, kí òwú má sún mọ́ ọn. Wọ́n ní èyí tó ṣeé bò mọ́lẹ̀ wà lọ́tọ̀, èyí tí a rà kọ́ nìyẹn. Ó lè gbiná sà."

Alága wò ó. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú.

"Ta ni páálí?"

"Sà?"

"Mo ní ta ni páálí? Ilé ìwé wo ni páálí lọ? Ìgbìmọ̀ wo ni páálí ti ṣe alága rẹ̀ rí? Kí èmi Engineer, èmi Doctor, wá máa gba àṣẹ lẹ́nu páálí!"

"Páálí yẹn ya aláfojúdi," ni Díákónì Kìítán wí. "Ẹ jẹ́ ká lé e jáde."

Wọ́n sì lé e jáde lóòótọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n sọ ọ́ sínú bíìnì búlúù, Díákónì Kìítán sì fi ìdérí bíìnì náà dé e gbàmù, bí ẹni ti ọ̀daràn mọ́lé.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi dí àyè yẹn? Ẹ ò ní gbàgbọ́. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Toronto tí kò ní ẹ̀wù òtútù ọdún tó kọ́kọ́ dé, èyí tó fi ìbẹ̀rù rà, tó tóbi bí àgọ́, tí kò wọ̀ mọ́, tí kò sì lè jù nù nítorí ohun tójú wọn jọ rí. Alága kéde Ọjọ́ Ọrẹ Ẹ̀wù. Kí kálukú gbé ẹ̀wù ọdún àkọ́dé rẹ̀ wá, kí wọ́n fi lé òtútù kúrò nílé Olúwa! Inú ìjọ dùn débi pé wọ́n ń jó wá síwájú. Àwọn kan gbé ẹ̀wù onírun wá, àwọn kan bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà kan gbé èyí tí gọ́ọ̀mù jíjẹ ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gun àkàbà, wọ́n rọ́ gbogbo rẹ̀ sókè àjà. Èyí tó wà lókè orí àga Alága ni wọ́n fún jù. Wọ́n wé iná ibẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ìkókó bá ń múra fún ọmọ tuntun tó ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú yìnyín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, orí Alága móoru. Ó fọwọ́ pa á, ó tún un pa. Ó gba máìkì láti dúpẹ́ ní ṣókí.

Ṣókí Alága nìyí o: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ó sọ ti ilé ìwé, ó sọ ti físà, ó sọ ti Winnipeg. Ìgbà tó dé ibi tí òtútù ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní Bolton, iná tó wà lókè orí rẹ̀ kú. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kú. Gbogbo ọ̀wọ́ iná tó wà lókè pẹpẹ bá kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Alága wà nínú òkùnkùn, eyín rẹ̀ nìkan là ń rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Nǹkan kékeré kan wà nínú irú iná yẹn tó jẹ́ pé tí iná bá ti gbóná jù, á pa á fúnra rẹ̀ kó má bàa jó ilé. Tó bá tutù tán, á tún tan. Iná tí wọ́n bá wé mọ́ ẹ̀wù òtútù, kí ni yóò ṣe bí kò dákú? Ẹnì kan kì í sì í sọ̀rọ̀ pẹ́ tó Alága níwájú ibẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó ohun tó lè mú iná dákú.

Ìgbà tó tún tàn, gbogbo ilé hó yèè: "Up NEPA!" Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Canada, tí wọn ò mọ NEPA rí, ni ohùn wọn ròkè jù. Ojú ti fẹ́ máa ti Alága kí Díákónì Kìítán tó fò sókè.

"Ẹ̀yin ará! Ṣé ẹ rí i? Iná tẹrí ba fún Alága! Kò lè gbójú sókè wò wọ́n!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin ìbá rẹ́rìn-ín, ẹ ìbá wá ẹni tó mọ̀ nípa iná. Alága gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ó di òfin pé tí iná bá ti tẹrí ba, kí ìjọ fò dìde kí wọ́n sì ké lẹ́ẹ̀kan, "Alága o!" Ó kọ́ wọn. Ó ní kí àwọn akọrin ké e lóhùn mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ọmọ ọwọ́ gan-an, tí iná bá ti kú, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè.

Nílé, ọmọ rẹ̀ Oyíndà, tó ń lọ sí yunifásítì ní North York, gbé ṣíbí kalẹ̀ lórí oúnjẹ.

"Daddy, it's overheating. That's the safety cut-off. The light is literally begging you to stop."

"Mi ò gbọ́ òyìnbó."

"You have a doctorate in it!"

"Oyíndà, fi bàbá ẹ sílẹ̀," ni Ọláwùmí wí. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Oyíndà, ọmọ yẹn ò parọ́. Ibẹ̀ ti ń rùn. Ó ń rùn bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ. Abẹ́ ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Yorùbá ní Sátidé."

Alága gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ń gbóná," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé ọmọdé ni mí? Àmọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ dé. Tí wọ́n bá ti fi mí jẹ Baba Ìjọ tán, ma á ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Tó bá gbiná kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé ńkọ́?"

"Kò lè gbiná. Èmi ni alága rẹ̀."

Ọláwùmí wò ó títí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó gbogbo ọmọdé lọ sí kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì lọ kọ́ "a, b, d" níbẹ̀, láàárín àwọn ìkòkò ńlá.

Alága ti wá gbọ́n sí i. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan iná pẹpẹ títí òun fi máa dìde sọ̀rọ̀, kó má lọ ṣèèṣì tẹrí ba fún ẹlòmíì. Ẹ dákun, ẹni tó gbà pé iná mọ òun lójú, kí ló ń ṣọ́ súìṣì sí?

Ọjọ́ pé. Bíṣọ́ọ̀bù dé, bàbá arúgbó kan báyìí, kúkúrú, oníkùn, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Alága ló lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó lè tètè gbà á, ó gbé jíìpù dúdú rẹ̀ sí ibi tó sún mọ́ jù, ìyẹn iwájú ilẹ̀kùn ńlá tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé fi ń kó ẹrù. Alága ni, ta ló máa sọ pé kó má gbé e síbẹ̀?

"Bàbá wa," ó ní bí wọ́n ti ń bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, "mi ò fẹ́ ká du ipò kankan o. Ẹ jẹ́ kí àmì fọhùn. Iná kan wà nínú ilé yìí tó máa ń tẹrí ba. Ẹni tó bá tẹrí ba fún lónìí, ẹ fi onítọ̀hún jẹ Baba Ìjọ."

"Iná?" Ikùn Bíṣọ́ọ̀bù ti ń mì. "Ẹni tí iná bá tẹrí ba fún. Ó dáa, ó dáa, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká fojú rí i."

Ohun tí Alága kò mọ̀ ni pé nígbà tí òun wà níta, ẹni tí wọ́n pè wá ya fọ́tò ti ní òkùnkùn pọ̀ jù lórí pẹpẹ, ó sì ti tan gbogbo iná láti àárọ̀. Àwọn iná yẹn ti ń gbóná bọ̀ nínú ẹ̀wù wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń to àga.

Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ó ku kí wọ́n pe Alága. Ó ti tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, àga pupa ló ń wò, kò wòkè rárá. Ìgbà yẹn ni Gbémisọ́lá, olórí àwọn ọ́ṣà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, sáré gun pẹpẹ, ó gba máìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Jíìpù dúdú kan wà níwájú ilẹ̀kùn àwọn ará fèrèsé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ẹrù, wọ́n sì ti pe tow truck kó wá wọ́ ọ lọ. Ẹni tó ni ín, ẹ jọ̀ọ́..."

Iná kú. Ọ̀kan. Èkejì. Gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ pátá.

Ìjọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n fò dìde bí ọmọ ogun, wọ́n ké lóhùn mẹ́rin: "Alága o!" Ìgbà tí wọ́n wo iwájú, Gbémisọ́lá ni wọ́n rí, máìkì lọ́wọ́, ẹnu ṣí sílẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. "Ṣé Baba Ìjọ wa rèé? Obìnrin mà ni! Àbí ká kúkú ní Ìyá Ìjọ?"

"Ẹ gbà mí o!" Gbémisọ́lá ké. "Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo wá sọ!"

Alága ti dé pẹpẹ kó tó sọ tán. "Àṣìṣe ni, Bàbá wa! Èmi ni iná rí lókèèrè tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Ẹ dúró, ẹ máa rí i. Mú máìkì wá."

"Alága, jíìpù yín ni o. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́."

"Má dá mi lọ́wọ́ kọ́!"

Àwọn ọ́ṣà méjì bá ṣí ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀yìn, wọ́n jáde lọ bẹ ẹni tó wá wọ́ mọ́tò. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Òtútù oṣù kejì rọ́ wọlé bí ẹni tó ní ìwé ìpè, ó fẹ́ gba àárín ìjọ, ó bá ibi tí wọ́n ti ń gun òkè wọ inú àjà lọ. Iná tutù. Iná tàn. Ara tù ú nínú ẹ̀wù rẹ̀.

Alága bẹ̀rẹ̀. Ó bí ara rẹ̀. Ó lọ sílé ìwé. Ó gba físà. Ó dé Winnipeg, ó wo iná. Iná ń wò ó. Ó dé Bolton, òtútù kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó wo iná. Iná mọ́lẹ̀ kedere. Ó tún padà sí ilé ìwé lọ mú ohun tó gbàgbé. Àwọn ọmọdé ti wọ abẹ́ àga. Òórùn oúnjẹ ti ń jáde láti kíṣìnnì. Díákónì Kìítán ń pariwo "Ọ̀rọ̀ ńlá!" ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù fa ẹ̀wù bo ẹsẹ̀, ó bojú wo aago. Òógùn bo Alága nínú òtútù yẹn. Àga onítìmùtìmù pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn débi pé ó lè fọwọ́ kàn án. Iná kan ṣoṣo péré kó kú, ó ti jẹ ẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo!

Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó yíjú sí ẹ̀yìn, ó jágbe mọ́ àwọn ọ́ṣà:

"Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn! Báwo ni iná yìí ṣe máa gbóná débi tó máa fi kú!"

Máìkì gbé e lọ sí gbogbo igun ilé.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bíṣọ́ọ̀bù. "Elder," ó ní wẹ́rẹ́, "kí ló ń gbóná?"

Alága yára fi agbádá bo máìkì.

Ọláwùmí ló dìde. "Bàbá wa, ọkọ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀wù ló wà nídìí iná lókè yẹn. Páálí iná ní ká má bò ó. Ọmọ wa sọ, èmi náà sọ. Ó mọ̀. Ó ní ká dúró kí ẹ fi òun jẹ ná."

"Kálukú bọ́ síta," ni Bíṣọ́ọ̀bù wí. "Ẹ gbé àwọn ọmọdé ṣáájú. Ẹ pa iná yẹn."

Wọ́n dúró nínú yìnyín nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fa ẹ̀wù sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń kó wọn jáde. Ó kọ́kọ́ di àríyá. "Háà, tèmi rèé! Ìwọ ẹ̀wù yìí, ṣé o ṣì wà!" Wọ́n ń gbé e wọ̀, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Ìyá àgbà rí gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó pín in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn tó wá láti òkè pẹpẹ jáde. Ọ̀kan nínú wọn, díẹ̀ ló kù kó gbiná: ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó di àwọ̀ kọfí, ihò tó ṣeé ti ìkúùkù bọ̀ wà láàárín rẹ̀, etí ihò náà dúdú. Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra. Gbémisọ́lá nọ́ọ̀sì gbé e wò, ó kàn ń mi orí.

Bíṣọ́ọ̀bù ní kò sí Baba Ìjọ lọ́dún yìí. Ó ní kí Akíndàmọ́lá fi ipò alága sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lórí yìnyín yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó pè é ní Akíndàmọ́lá. Ìgbà tí ọkùnrin náà wá jíìpù rẹ̀ láti sá wọ̀, ipa táyà nìkan ló bá nílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ̀ délé, Díákónì Kìítán, tó ti sáré lọ gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, ló sì ń wà á. Kò yìn ín. Ó ní kó tẹ káàdì owó ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá pe oníná kan, Rayyan. Ó kó àwọn iná àtijọ́ kúrò, ó fi irú èyí tó ṣeé fi òwú bò sípò wọn, ó lẹ etí ìkọ̀ọ̀kan pa kí afẹ́fẹ́ má ráyè, wọ́n sì tẹ́ òwú gidi dé orí wọn. Òtútù lọ. Orí gbogbo èèyàn móoru, kì í ṣe orí ẹnì kan. Ṣíwọlá ló ń darí ìpàdé báyìí. Díákónì Kìítán ti sọ fún un pé ìjókòó rẹ̀ lásán ti tó ìwàásù. Ṣíwọlá ní kó lọ fọ ife tíì.

Lọ́jọ́ ìpàdé gbogbo ìjọ, Akíndàmọ́lá na ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Wọ́n gbé máìkì fún un, nítorí èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ó dìde. Ó tún agbádá gbé sí èjìká. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí mo..."

Gbogbo ìjọ, ọmọdé, àgbà, ìyá àgbà, akọrin, gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo àjà, wọ́n ń dúró.

Iná ń mọ́lẹ̀ gbòò. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ti ń mi èjìká àwọn akọrin.

Akíndàmọ́lá náà wòkè. Ó wo iná yẹn díẹ̀, ó dá máìkì padà, ó sì jókòó.